Àkànní, ọ̀rọ̀ “would” àti “must” tí o béèrè

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ará ilé ńkọ́? Ooru Kánò ò ní mú yín o. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ka iṣẹ́ “reported speech” (ríròyìn ohun tí ẹlòmíràn sọ) tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ní Sábọ̀n-gàrí ṣe, tí o fi sínú rẹ̀, tán. Gbogbo wọn ló kọ “He said he will come” dípò “He said he would come”. O wá ń bi mí bóyá kí o tún kọ “will di would, can di could” sójú pátákó. Má tíì kọ ọ́. Wọ́n ti mọ ìyẹn sórí bí orin. Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú.

Yorùbá tó wà lẹ́nu wọn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní Tákíè sọ lánàá pé, “Mo máa gbé èlùbọ́ wá lọ́la.” Bí o bá fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún mi, wàá ní, “Ó ní òun máa gbé èlùbọ́ wá.” Wo ohun tó yí padà: “mo” di “òun”. “Máa” ò mira rárá. Ìbáà jẹ́ àná ló sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, “máa” náà ni. Arọ́pò-orúkọ ni Yorùbá fi ń ṣe àmì pé ọ̀rọ̀ onítọ̀hún là ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ò ní “òun”. Nínú “She said she would bring it”, “she” kejì lè jẹ́ ìyá náà, ó sì lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbé àmì tirẹ̀ lé: “will” á sún sẹ́yìn di “would”. Ọmọ tó kọ “he said he will” kì í ṣe olódo. Ó ti yí arọ́pò-orúkọ padà bí Yorùbá ṣe kọ́ ọ, ó wá rò pé iṣẹ́ ti parí. Sọ fún wọn pé “òun” ni agogo. Ibi tó bá ti dún nínú Yorùbá, kí ojú lọ sára ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì. (Agogo yìí kì í dún nínú “Mo sọ pé mo máa wá”, ṣùgbọ́n “I said I would come” náà ni. Tètè sọ ọ́ fún wọn kí ó má baà kó wọn sí wàhálà.)

Bí èyí bá ti wọlé, àwọn tó rọrùn ò ní pẹ́. “Will” di “would”, “can” di “could”. “Could”, “would”, “should”, “might”, “ought to” àti “had better” kì í kúrò lójú kan. Ọmọ tó bá fipá ti “should” sẹ́yìn ti ba ìtumọ̀ jẹ́: “He said I should go” ni pé ó ní kí n lọ, “He said I should have gone” ni pé ó ń bá mi wí pé n ò lọ.

“May” ní ojú méjì. “It may rain” á di “He said it might rain”. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá yọ̀ǹda, tó ní “You may go out”, “The teacher said we could go out” ló dára. Bí wọ́n bá kọ “might” síbẹ̀, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ ò mọ̀ bóyá a máa jáde. “Shall” náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. “I shall pay on Friday” á di “He said he would pay on Friday”. Bí o bá kọ “should”, o ti sọ ìlérí di “ó yẹ kó san án”. Àmọ́ “Shall I close the door?” á di “She asked whether she should close the door”.

“Must” wá ni ọ̀gá wàhálà, òun ni kí o fi ọjọ́ kan gbáko sílẹ̀ fún. Tábìlì inú ìwé á ní “must di had to”, á dákẹ́ síbẹ̀. Irọ́ ìdajì nìyẹn. Jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá. Bí “gbọ́dọ̀” bá wọ̀ ọ́, dandan ni, “had to” sì tọ́: “I must see the doctor” di “He said he had to see the doctor”. Bí dandan náà bá ṣì wà níwájú, “would have to” náà dára. Ṣùgbọ́n “You must be tired” kì í ṣe “O gbọ́dọ̀ rẹ̀”; “Á ti rẹ̀ ẹ́” ni. Àfòyemọ̀ nìyẹn (ohun tí èèyàn fojú wò tó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí), “must” rẹ̀ kì í yẹsẹ̀: “He said I must be tired”. Kọ “had to” síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di pé wọ́n fi àárẹ̀ pàṣẹ fún mi.

Èyí tó léwu jù ni “mustn't”. “You mustn't touch that wire” ni “O ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà yẹn”. Ọmọ tó rántí “had to” á kọ “He said I didn't have to touch that wire”. Ìyẹn ni pé kò pọn dandan kí n fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bó bá wù mí, kí n fọwọ́ kàn án! Iná á sì gbé èèyàn. “He said I mustn't touch that wire” tọ́, “He told me not to touch that wire” tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Didn't have to” fi “needn't” ṣe ọ̀rẹ́: “You needn't wait” di “She said I didn't have to wait”.

Nínú ìbéèrè, Yorùbá máa ń kó “pé” àti “ṣé” pọ̀: “Ó bi mí pé ṣé mo máa wá.” Ibẹ̀ ni “He asked me that will I come?” ti ń wá. “Whether” nìkan ló rọ́pò àwọn méjèèjì, “I” á ṣáájú “would”, àmì ìbéèrè á sì kúrò: “He asked whether I would come.” Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀, “Will you help me?”, “would” ò sí níbẹ̀ rárá: “She asked me to help her.”

Ti “tomorrow”: ìwé á ní kí wọ́n sọ ọ́ di “the next day”. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wa sọ ọ́ lánàá. Bí mo bá ń ròyìn rẹ̀ lónìí, “She said she would bring it today” ni. Bí ọjọ́ tó dá bá sì ṣì wà níwájú, “She said she will bring it on Friday” kì í ṣe àṣìṣe. Inú ìdánwò ni “would” ti fọkàn ẹni balẹ̀ jù. “He says” kì í sún ohunkóhun sẹ́yìn.

Ó ku èrò ọkàn, tí wọ́n ń bá pàdé nínú àyọkà. Wo irú èyí: “Bisi looked down the road. He would come tomorrow. He must come.” Ẹni tí Bísí ń retí ni “he”. Kò sí “she thought” níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú Bísí la wà. “Will” ti di “would”, síbẹ̀ “tomorrow” àti “must” dúró bí Bísí ṣe rò wọ́n. Àwọn ọmọ á ka “would” sí “a máa wá” ti ìgbà gbogbo. Kí wọ́n fi “Ó ń rò ó pé” síwájú rẹ̀. Bó bá bá a mu, èrò ni.

Mo fi gbólóhùn mẹ́wàá mọ́ lẹ́tà yìí, “must” ló wà nínú mẹ́fà. Jẹ́ kí wọ́n kọ Yorùbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó kọ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá yẹn ni kí o sì kọ́kọ́ máàkì. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àjàní