Vega tí a ń retí

Houston, Texas
11 Oṣù Kẹfà, 2017

Báyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara ìyàwó ti mókun? Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sọ fún Àǹtí pé aṣọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti London ti dé ọwọ́ mi.

O ní kí n má parọ́ fún ọ: ṣé kí o ta ìpín rẹ nínú AMD, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣípù kọ̀ǹpútà, ni, àbí kí o dì í mú? Ọ̀rọ̀ yìí gan-an la fà títí nílé mi lánàá. Àwa mẹ́rin tá a jọ ń ra ìpín jókòó ti ìrẹsì, ìrẹsì sì tutù kí ẹnikẹ́ni tó bù ú.

AMD ṣèlérí Vega, ṣípù àwòrán wọn tuntun, fún ìdajì àkọ́kọ́ ọdún yìí. Ìdajì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní Computex, ìpàtẹ ọjà kọ̀ǹpútà, ọjọ́ 31 oṣù tó kọjá, Lisa Su, ọ̀gá AMD, ní Frontier Edition, Vega ti àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ńlá, máa jáde lọ́jọ́ 27 oṣù yìí. Ti àwọn agbágéèmù di SIGGRAPH, ìpàdé àwọn oníṣẹ́ àwòrán kọ̀ǹpútà, ìparí Oṣù Keje. Ta ló máa dúró? GTX 1080, káàdì àwòrán Nvidia tó ń bá AMD díje, ti wà lórí igbá láti èṣí!

Ọ̀kan nínú wa ní mẹ́mórì ló fa ìdádúró náà. HBM2 ni Vega ń lò, ó sì dà bí ilé alájà: wọ́n to ègé mẹ́mórì mẹ́rin tàbí mẹ́jọ léra, wọ́n lu ihò tín-ín-tín gba inú wọn kọjá, wọ́n wá gbé e ti ṣípù gan-an lórí pẹpẹ sílíkọ́nì kan náà. Ọ̀nà àárín wọn gbòòrò, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Àmọ́ Samsung àti SK Hynix nìkan ló ń ṣe é, ó wọ́n, bí àjà kan bá sì bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti lẹ̀ wọ́n pọ̀, ṣípù olówó ńlá bá a lọ nìyẹn.

Nvidia fi mẹ́mórì GDDR5X ti Micron, tí wọ́n ń tò yí ṣípù ká bíi ti àtijọ́, sínú GTX 1080 Ti, wọ́n ń tà á ní $699 láti Oṣù Kẹta. Gígábáìtì 484 ló ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nǹkan bí 480 ni AMD kéde fún Frontier Edition. Gbogbo ilé alájà yẹn!

Nvidia náà mọ HBM2 o. Inú Tesla P100, káàdì iṣẹ́ ńlá, ni wọ́n fi í sí, fún àwọn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ò dùn. Mẹ́mórì náà dára. Ọjà tí AMD gbé e lọ ni kò ní owó rẹ̀. AMD sì ti rí irú rẹ̀ rí: káàdì wọn Fury X, 2015, HBM àkọ́kọ́, 4GB péré, nígbà tí 980 Ti ti Nvidia ní 6GB ní $649 kan náà.

Ẹni tó gbóná jù nínú wa fẹ́ tà. Ó ṣì ń rántí 2 Oṣù Karùn-ún, tí ìpín náà já ní nǹkan bí 24% lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èmi ò tà. Ryzen, ṣípù AMD tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló mú mi rà á, ó sì dé ní Oṣù Kẹta bí wọ́n ṣe wí. Mẹ́mórì DDR4 tí gbogbo ayé ń lò ló ń jẹ, kò dúró de ilé alájà ẹnikẹ́ni. Epyc, irú rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́, ń bọ̀ lọ́jọ́ 20. Ibẹ̀ lojú mi wà.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ lo fi rà á, tètè yọ ọ́, má wo tèmi.

Pè mí lálẹ́ òní. Ìrẹsì àná ṣì wà nínú fíríìjì.

Èmi ni,
Délé