Pọ́ọ̀dù Olówó Pọ́ọ́kú: Ẹ Fi Ìpè Dán An Wò, Kì Í Ṣe Orin Nìkan

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lórí íápíìsì tí kò ní wáyà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní pọ́ọ̀dù, níbi tí akọ̀ròyìn yín ti fẹnu ọ̀rọ̀ jóná pé kí ẹni tí kò bá lè ra ti olówó ńlá má wulẹ̀ ra rárá. N kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni n kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò àwọn ọlọ́jà. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Òṣogbo. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń fi fóònù kọ́ àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní èdè àwọn òbí wọn, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́jọ. Íápíìsì ni ọkọ́ àti àdá mi nínú iṣẹ́ yìí, mo sì ti lo pọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú mẹ́ta láàárín àkókò náà.

Ohun tí wọ́n fi dára ni kí n kọ́kọ́ sọ. ₦6,500 ni mo ra àkọ́kọ́, kò sì sí ọjọ́ tí mo fi gbọ́ ìròyìn, ìwàásù tàbí ewì tí mo kábàámọ̀ owó mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń dún gaara nínú rẹ̀. Orin fújì ni kò bá a mu tó, torí wọ́n ti ki ohùn ìsàlẹ̀ bọ̀ ọ́ lápọ̀jù, débi pé ìlù á bo ẹnu olórin mọ́lẹ̀. Bí mo bá sì ń wo àwòrán onígángan lórí fóònù, nígbà mìíràn kọ̀ǹgọ́ á ti gbéra kúrò lára awọ kí ohùn ìlù tó wọ etí mi. Ìyẹn kò tó ìjà. Mo lè fi ẹyọ kan sí etí ọ̀tún kí èkejì máa gba iná nínú kéèsì, ìyẹn àpótí kékeré tí à ń kó wọn sí, kí etí òsì mi sì máa gbọ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Kéèsì náà ń tún wọn kún tó ìgbà mẹ́ta kí òun fúnra rẹ̀ tó gbẹ, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré ní àdúgbò tí iná ti lè lọ fún ọjọ́ méjì gbáko.

Àwọn kan ń béèrè bí ohun tí Apple tà ní dọ́là 159 nígbà tí AirPods, pọ́ọ̀dù tirẹ̀, kọ́kọ́ dé ọjà ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ṣe wá di ohun tí ọmọ ilé-ìwé ń fi owó àjọ rà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ yìí ti gbé iPhone 7 jáde láìsí ihò tí à ń ki wáyà íápíìsì bọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù mìíràn sì ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Ṣáínà wá ń ṣe ọpọlọ kékeré tó ń darí Bluetooth, ìyẹn ọ̀nà tí fóònù fi ń bá pọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, ní ọ̀pọ̀ yanturu, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá dé ọjà Huaqiangbei ní ìlú Shenzhen fi lè ra ọpọlọ náà, bátìrì àti ìkarahun rẹ̀, kí ó sì fi orúkọ tó bá wù ú sí i lára. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí orúkọ mẹ́ta lórí páálí mẹ́ta tí ohun tó wà nínú wọn á sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ibi tí akọ̀ròyìn yín kò fọwọ́ kàn rárá ni ìpè, ibẹ̀ gan-an sì ni èmi ti rí àbùkù wọn. Orin ló fi dán gbogbo wọn wò. Nígbà tí à ń gbọ́ orin, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ohùn ń tọ̀, láti inú fóònù wá sínú etí. Ṣùgbọ́n bí ìpè bá ti wọlé, máíkì náà gbọ́dọ̀ máa fi ohùn ránṣẹ́ padà, Bluetooth á sì yà kúrò lójú títì bọ́ sí ọ̀nà ẹsẹ̀. Ọ̀nà ìpè àtijọ́ tí gbogbo irú íápíìsì bẹ́ẹ̀ mọ̀ máa ń wọn ohùn ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí orin inú sídíì ń gba 44,100; bí iye ìgbà náà bá sì ṣe kéré tó ni ohùn tín-ín-rín ń sọnù tó. Ọ̀nà tó sàn ju èyí lọ wà, tó ń gba 16,000, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí íápíìsì àti fóònù bá jọ mọ̀ ọ́n.

Mo mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, tí mo ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ kan. Mo ní kí ó tẹ̀ lé mi pe gbólóhùn náà, "Ó ti sú mi." Ọmọ náà dákẹ́, ó yíjú sí fèrèsé, ó wá fi Yorùbá tó mọ níwọ̀n dá mi lóhùn pé ní ọ̀dọ̀ tàwọn o, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Mo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni ìyá rẹ̀ fi ọ̀wọ̀ bi mí pé, "Tíṣà, ẹ má bínú o, ṣé eyín yín kan ló yọ ni?" Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀ láti inú pọ́ọ̀dù náà, mo gbọ́ ọ, mo sì rí i pé obìnrin náà kò parọ́ mọ́ mi: kò sí ìyàtọ̀ láàárín sá àti ṣá, tàbí láàárín sú àti ṣú.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àmì ohùn kò sọnù. Dò, re, mí ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ohùn ọ̀fun wa wà. Atẹ́gùn tó ń sú jáde láàárín eyín nígbà tí a bá ń pe s ni ó wà lókè réré, níbi tí ọ̀nà tóóró yẹn kò dé. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó ọbẹ̀ lè máà fura láéláé, torí ọpọlọ ẹni tó gbọ́ èdè á ti bá a dí àlàfo náà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè kò ní ohun tí yóò fi dí i. Ẹ wá fi kún un pé ẹ̀gbẹ́ etí ni máíkì pọ́ọ̀dù wà, ó jìnnà sí ẹnu, nígbà tí ti wáyà ń rọ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n. Ariwo dànfó, jẹnẹrétọ̀ àti àkùkọ aládùúgbò ló ń bá a wọlé.

Ọ̀rọ̀ ariwo yìí náà ni wọ́n fi ń tan ará ọjà jẹ. Lẹ́tà ENC gàdàgbà ló máa ń wà lára páálí, ohun tó sì ń ṣe ni pé ó ń gbìyànjú láti yọ ariwo kúrò nínú ohùn tí máíkì gbà, kí ẹni tó wà ní òdìkejì ìpè lè gbọ́ yín. ANC ló ń ṣiṣẹ́ fún etí ẹni tó wọ̀ ọ́, tó ń fi ohùn tó tako ariwo pa ariwo. Ọlọ́jà tó ta ẹ̀kejì fún mi fi ìka lé ENC, ó sì búra pé n kò ní gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi mọ́. Mo gbọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Bátìrì ńkọ́? Wákàtí 6 ni wọ́n kọ sí ara páálí àkọ́kọ́. Wákàtí 3 ààbọ̀ ni mo rí nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ó sì di wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 20, ìyẹn ni pé ó ń kú sí mi létí kí ẹ̀kọ́ tó parí. Bátìrì inú ẹyọ kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju 50 mAh lọ, ìyẹn òṣùwọ̀n iye iná tí bátìrì lè gbà, nígbà tí ti fóònù máa ń tó 5,000. Bí ó ti kéré tó yìí, ojoojúmọ́ ni à ń lò ó gbẹ tí à ń tún un kún, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo bátìrì lithium ṣe ń darúgbó. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dí i pa, kò sí ẹni tí yóò tú u. Wáyà íápíìsì àtijọ́ ńkọ́? Bó bá já, ẹ ó gbé e lọ bá onífóònù kí ó fi òjé jó o pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: àléébù yìí kò yọ ti olówó ńlá sílẹ̀. Òun náà ń darúgbó, owó tó ń bá a lọ ló pọ̀ jù, akọ̀ròyìn yín kò sì ka ìyẹn sí.

Ní ti ìlera etí, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé ohùn tó tó 80 decibel, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe le tó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ kan fún àgbàlagbà. Bó bá di 90, wákàtí 4 péré ló kù. Pọ́ọ̀dù tí kò ní rọ́bà ni kí a ṣọ́ra fún, nítorí pé ariwo ìta ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì máa gbé ohùn sókè láti borí rẹ̀. Bí ìwọ̀n rọ́bà mẹ́ta bá wà nínú páálí, ẹ dán gbogbo wọn wò. Òmíràn lè bá etí ọ̀tún mu kó má bá ti òsì mu.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí akọ̀ròyìn yín tún ìdánwò náà ṣe, kí ó dúró sí ibùdókọ̀, kí ó pe ẹnìkan, kí ó sì béèrè ohun tí onítọ̀hún gbọ́. Bí mo ṣe ra ẹ̀kẹta nìyẹn. Mo sọ fún ọlọ́jà pé n kò ní sanwó àyàfi bí mo bá so ó mọ́ fóònù mi níbẹ̀. Ó fajú ro, ṣùgbọ́n ó gbà. Mo pe ìyàwó mi ní ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, mo ní, "Ilẹ̀ ti ṣú, ó ti sú mi," mo sì ní kí ó tún un sọ fún mi. Nínú mẹ́rin tí mo fi pè é, ẹyọ kan ló gbọ́ bó ṣe yẹ, ₦14,000 ni, òun kọ́ ló sì wọ́n jù nínú wọn. Òun ni mo ń lò fún ìpè bí mo bá wà ní ọ̀nà. Íápíìsì oníwáyà ₦1,500 ni mo ṣì fi ń kọ́ni.

Àwọn méjì tó ti kú ṣì wà nínú agolo lórí tábìlì mi. Ní àdúgbò wa, sísun ni à ń sun ìdọ̀tí, bátìrì lithium sì lè bú gbàmù nínú iná, nítorí náà n kò lè kó wọn dànù síbẹ̀. Bí òǹkàwé yín kan ní Òṣogbo bá mọ ibi tí wọ́n ti ń gba irú wọn, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ sí ojú ìwé yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ Yorùbá kan,
Òṣogbo.