Ilẹ̀ Ni Ajá Ayàwòrán Ń Gbé

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn ayàwòrán Òṣogbo létí, pàápàá àwọn tó ń fi ọ̀dà elépo ṣiṣẹ́, tí ajá kékeré sì ń bá wọn gbé ibi iṣẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ tí Jimoh Buraimoh, ayàwòrán Òṣogbo, fi ń ṣe àwòrán kì í rùn, àgbàlá la sì ti ń rẹ àdìrẹ sí aró. Ọ̀dà elépo ni à ń bá ti ara wa mọ́lé.

Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára tápẹ́ńtáìnì, ìyẹn omi tí à fi ń po ọ̀dà elépo, wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Ẹni tó dúró ti kánfáàsì lè rò pé òórùn ti lọ, nígbà tí ajá tó sùn sábẹ́ tábìlì ṣì ń mí i símú. Fèrèsé òkè nìkan ò tó. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú fèrèsé tó dojú kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ibùsùn ajá sẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù, torí pé eruku máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, la bá ti gbogbo ilẹ̀kùn. Kánfáàsì ni kẹ́ ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, ẹ má tilẹ̀kùn. Ẹ dé ìgò tápẹ́ńtáìnì ní gbogbo ìgbà. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi àkísà nu búrọ́ọ̀ṣì, tẹ́ ẹ fi òróró ìsebẹ̀ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ àti omi parí rẹ̀, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ nílò tápẹ́ńtáìnì mọ́.

Ẹ ka ara tọ́ọ̀bù ọ̀dà funfun yín. Àmì tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ ló ń sọ irú ọ̀dà tó jẹ́: PW1 ni èyí tí òjé, tó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀. PW6 kò ní in. Ọ̀dà tó bá kán sílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá ló ń gbà dé ẹnu rẹ̀, torí ajá kì í yé lá ẹsẹ̀. Àkísà tútù ni kẹ́ ẹ fi nu ilẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ekuru ọ̀dà gbígbẹ.

Bí ọ̀dà bá ta sí ajá nírun, ẹ má fi tápẹ́ńtáìnì, kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù nù ún láéláé. Ẹ fi òróró ìsebẹ̀ ra á, ẹ nù ún, ẹ tún un ṣe, lẹ́yìn náà ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ti gbẹ, sísáàsì ni kẹ́ ẹ fi gé e. Irun gígùn irú èyí tí ajá kékeré tí wọ́n ń pè ní Lhasa ní yìí máa ń gbá ilẹ̀, ẹ máa gé ti ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn rẹ̀ kúrú.

Bí ajá bá mu tápẹ́ńtáìnì, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì jẹ́ kó bì: inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè bọ́ sí, ibẹ̀ ló sì ti ń pani. Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń wúkọ́ tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé òun àti ìgò náà tọ dókítà ẹranko lọ kíákíá.

Àkísà tó rin fún òróró lìnsíìdì, ìyẹn òróró tí wọ́n fi ń po ọ̀dà elépo, máa ń gbóná fúnra rẹ̀ títí tí iná yóò fi sọ, ajá kékeré sì fẹ́ràn láti wọ́ ọ lọ síbi tó ń sùn. Ẹ má ká a jọ sínú láílọ́ọ̀nù. Ẹ sá a lọ́kọ̀ọ̀kan sórí okùn níta, tàbí kẹ́ ẹ rì í sómi nínú garawa onírin tó ní ìdérí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ta ọjà wọ̀nyí: ẹ yéé bu tápẹ́ńtáìnì sínú ike omi mímu. Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára, gàdàgbà.

Ayàwòrán kan,
Òṣogbo