Ẹ Fi Iṣẹ́ Lé Ara Yín Lọ́wọ́ Dáadáa

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ gíráfíìkì,

Mo kí yín o. Ẹ kú ìdààmú iná, ẹ kú ìnáwó dátà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga wá bá mi, ó ń sunkún. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe iṣẹ́ fún ẹni tó ń ta gàrí: lógò, ọ̀rá tí wọ́n máa di gàrí sí, àti pósítà. Òun nìkan ló ní laptop tó dára, òun nìkan ló sì mọ CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya iṣẹ́ gíráfíìkì, dénú, ló bá gbé gbogbo rẹ̀ rù. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbé iṣẹ́ síwájú kíláàsì, laptop kú. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yòókù tó ní fáìlì náà lọ́wọ́. Wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ font, ìyẹn irú lẹ́tà tó lò.

Inú ń bí i sí wọn gidigidi. Mo jẹ́ kó bínú tán, mo wá sọ fún un pé òun náà jẹ̀bi. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí mo sọ fún un.

Ní nǹkan bí ọdún 1991, mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ṣómólú, níbi tí ìtẹ̀wé ti kún ojúlé dé ojúlé. Kọ̀ǹpútà ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ń to lẹ́tà yàtọ̀, ayàwòrán yàtọ̀, ẹni tó ń lẹ ojú ìwé pọ̀ yàtọ̀, ẹni tó ń ṣe fíìmù àti pléètì yàtọ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀, ẹni tó ń gé bébà yàtọ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń to lẹ́tà kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Ọwọ́ la fi ń ta dọ́ọ̀tì sábẹ́ wọn, pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì Rotring tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Èmi ni ọ̀gá fún ní iṣẹ́ yẹn.

Iṣẹ́ ìwé ìsìnkú ìyá àgbàlagbà kan wọlé, ojú ìwé mẹ́jọ. Mo ta dọ́ọ̀tì sí ojú ìwé márùn-ún, ilẹ̀ ṣú, mo gbé gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì ẹni tó ń lẹ ojú ìwé, mo lọ sílé. N ò kọ nǹkan kan sí i. N ò sọ fún ẹnì kankan pé mẹ́ta kù. Nígbà tí onítọ̀hún dé láàárọ̀, ó rí i pé ojú ìwé ti iwájú ní dọ́ọ̀tì, ó gbà pé ó ti parí. Ẹ̀dà 300 la tẹ̀.

Ọkọ olóògbé fúnra rẹ̀ ló wá kó o, òun àti ọmọ rẹ̀ kan. Bàbá ṣí i síbi ìtàn ìgbésí ayé ìyàwó rẹ̀, ó gbé ìka lé ìlà tó gbẹ̀yìn, kò sì gbé e kúrò. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé ìyá fi ọkọ àti ọmọ mẹ́fà sáyé lọ. Ohun tí a tẹ̀ ni pé ó fi oko àti omo mefa saye lo. Bàbá wò mí lójú, ó ní, “Ṣé oko ni mí ni?” Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

A tún un tẹ̀ lóru ọjọ́ náà, owó ọ̀gá mi ló bá a lọ. Àmọ́ ẹ wò ó o: ẹni tó lẹ ojú ìwé mọṣẹ́, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọṣẹ́, èmi náà mọ dọ́ọ̀tì í ta. Kò sí ọ̀lẹ nínú wa. Ibi tí iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ mi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ló ti bàjẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, gbogbo yín lẹ mọ òwe náà; bí ọwọ́ kan ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọwọ́ kejì tí nǹkan ọ̀hún ò fi ní já bọ́ ni ẹnikẹ́ni kì í kọ́ yín.

Àwọn ìyá wa aládìrẹ mọ̀ ọ́n. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ lè má jẹ́ ẹni tó máa rẹ ẹ́ láró. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, aró á wọ abẹ́ rẹ̀, ọnà á dà rú mọ́ aláró lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ìyá bá jókòó ti ọnà àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tó ń fa àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkòkò aláró ti wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ má ṣí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí kálukú fi pẹ́ńsùlù ya èrò tirẹ̀, ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ orúkọ sí i, kí ẹ wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, kì í ṣe nípa ẹni tó ṣe é. “Kò dáa” kì í ṣe ọ̀rọ̀. “Bí mo bá dúró lódìkejì títì, n ò ní lè ka orúkọ gàrí yìí”, ìyẹn ni ọ̀rọ̀. Ẹni tó yà á á rí ohun tó máa tún ṣe. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀. Má wulẹ̀ sọ fún ẹnìkejì rẹ pé “àwọ̀ ewé”. Ewé tẹ̀tẹ̀ ni àbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀? Fún un ní nọ́ńbà CMYK mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ìwọ̀n inkì cyan (búlúù), magenta (pupa), yẹ́lò àti dúdú, torí inkì mẹ́rin yẹn ni ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, àwọ̀ tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà sì lè ṣú lórí bébà. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn kọjá etí iṣẹ́ ní mìlímítà 3, kí ọ̀bẹ má bàa fi funfun sílẹ̀. Bí ẹ bá ń fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp á dín in kù, á wá rí bàìbàì lórí pósítà. Ẹ kó font sínú fódà kan náà pẹ̀lú iṣẹ́. Ẹ dákun, ẹ yéé pe fáìlì ní “final”, “final 2”, “final gan-an”. Ẹ kọ déètì sí i.

Ní ti àwọn tí kì í ṣe nǹkan kan, ẹ pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó fẹjọ́ wọn sun olùkọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ títí dọjọ́ yẹn pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ò ní laptop rárá; ìtìjú ni ò jẹ́ kó sọ. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí ò nílò kọ̀ǹpútà pọ̀: ẹni tó máa lọ sọ́jà lọ bi àwọn oní-gàrí léèrè ohun tí oníbàárà ń kọ́kọ́ wò, ẹni tó máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àṣìkọ, ẹni tó máa bá àwọn atẹ̀wé dúnàádúrà. Ẹni tó bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ síbi tí kò ti ṣiṣẹ́.

Ìwọ tó mọṣẹ́ jù nínú ẹgbẹ́, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí. “Ẹ fi í sílẹ̀, màá ṣe é” rọrùn lẹ́nu, o sì rò pé ò ń ṣe wọ́n lóore. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo lè ṣí i ti wà nínú ewu: ibà lè dá ọ wó, wọ́n lè jí báàgì rẹ nínú dánfó. Jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jókòó tì ọ́, kó di máòsì mú fúnra rẹ̀, kó pẹ́ nídìí rẹ̀. Ó ń gba sùúrù, mo mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a tún ìwé ìsìnkú yẹn tẹ̀, ọ̀gá mi gbé pẹ́ẹ̀nì Rotring lé mi lọ́wọ́ padà, ó sì jókòó tì mí.

Olùkọ́ fún àwọn ọmọ náà ní ọjọ́ mẹ́rin sí i. Lálẹ́ àná, wọ́n fi fódà wọn ránṣẹ́ sí mi. Mo bá fáìlì kékeré kan nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní KỌ́KỌ́ KA ÈYÍ. Orúkọ àwọn márààrún wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú ohun tó ṣe. Èyí tí ò ní laptop yẹn ló kọ tirẹ̀ kẹ́yìn, láti orí fóònù: “Mo ti ka iwájú ọ̀rá, kò sí àṣìkọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ kù. Ibi ìwọ̀n kílò ni mo dúró sí.”

Èmi ni bàbá yín nídìí iṣẹ́,
láti Ṣómólú.