Lẹ́tà sí Àǹtí mi tí ó ka ìwé Gáà fún wa

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ ìbí. Ẹ kú orí ire tí ẹ fi pé àádọ́rin ọdún láyé. Ọlọ́run yóò fi ọ̀pọ̀ ọdún kún un nínú àlàáfíà. Àwọn ọmọ yín fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp pé kí oníkálukú kọ ọ̀rọ̀ ṣókí tí wọn yóò tẹ̀ sínú ìwé ayẹyẹ náà. Mo jókòó láti kọ tèmi, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ohun tí à ń pín fún àlejò pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹran. Ìdí nìyẹn tí mo fi yà á sọ́tọ̀. Mo sì fi í sí gbangba nítorí pé èmi nìkan kọ́ ni ẹ ka ìwé fún. Àwọn àbúrò mi tí a jọ jókòó lórí ẹní nígbà náà ti wà káàkiri báyìí, àwọn náà yóò sì fẹ́ gbọ́ èsì tí ẹ bá fọ̀.

Ìwé Baṣọ̀run Gáà ni mo fẹ́ bá yín sọ, eré onítàn nípa Gáà, olóyè Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1972. Ẹ̀yin ni ẹ mú un wọ ilé Bàbá àgbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú rán an. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, tí a sì ti palẹ̀ mọ́, ẹ ó gbé àtùpà sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó sì yí yín ká. Ẹ kì í kà á bí ẹni ń ka ìwé. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìlàrí, àwọn ìránṣẹ́ ọba, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdajì orí yín, kí a lè rántí pé ìdajì orí wọn ni wọ́n máa ń fá. Bí ó bá kan Gáà fúnra rẹ̀, ẹ ó dìde, ẹ ó máa wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ohùn yín yóò sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ó kéré jù nínú wa yóò fi sún mọ́ mi. Bí ó bá wá kan ọba, ohùn tiyín gan-an ni ẹ máa ń lò, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn, ohùn ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun ní yàrá kejì. N kò tíì gbọ́ ẹni tí ó ṣe Aláàfin bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, ìbáà ṣe lórí ìtàgé tàbí nínú sinimá.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ tí mo ní sí ìtàn ààfin ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì kúrò lára mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ràn ibi tí ogun wà. Èmi, inú ààfin ni mo fẹ́ wà, níbi tí a ti ń mọ ẹni tí ó lè jókòó, ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀, àti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ọba bá dákẹ́. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹni tí ó lè pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ́ orí ènìyàn kò lè jáde sí ìgboro bí ó ti wù ú, àti pé àwọn ìjòyè méje tí a ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì lè ní kí ó lọ kú. Baṣọ̀run, olórí wọn, ni yóò kéde pé àwọn òrìṣà kọ̀ ọ́, pé ará ìlú kọ̀ ọ́. Wọn yóò fi igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, ọba yóò sì mọ ohun tí ó kàn. Ohun tí àwọn baba wa gbé kalẹ̀ kí ọba má baà tẹ ìlú mọ́lẹ̀ ni Gáà sọ di ohun ìjà ara rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò rí i tẹ̀ títí di 1921, kọ ọ́ pé ọjọ́ 17 péré ni Lábísí lò lẹ́yìn tí wọ́n yàn án ní Aláàfin, àti pé Awónbíojú lo ọjọ́ 130 nítorí pé ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún Baṣọ̀run. Agbólúajé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Májẹógbé, kí ó tó wá kan Abíọ́dún. Ojú ìwé díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà nínú ìwé Johnson. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti ka eré yẹn fún wa, n kò lè rí iye ọjọ́ wọ̀nyẹn kí n má ronú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọba ṣe ń fọwọ́ jẹun, tí ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ògiri, tí kò sì mọ̀ bóyá igbá ni wọ́n gbé bọ̀. Nígbà tí Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní oṣù kẹrin 2022, tí ìtẹ́ sì ṣófo títí di 2025, orúkọ oyè tí mo kọ́ lẹ́nu yín, Baṣọ̀run, Àgbàakin, Sámù, ni àwọn aláta pàápàá ń dá lẹ́nu ní ọjà Àkẹ̀sán. Ẹ̀yin ni ó ń sọ sí mi lọ́kàn lójoojúmọ́ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n alẹ́ kan wà, Àǹtí mi. A ti dé ibi tí Gáà ti ní kí wọ́n wá àgbọ̀nrín fún òun láti fi ṣe ètùtù. Gbogbo ẹni tí ó mọ ìtàn náà ni ó mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e: orúkọ ẹranko yẹn ni ọmọbìnrin Abíọ́dún ń jẹ́, Àgbọ̀nyín, wọ́n sì lọ mú ọmọ ọba dípò ẹranko. Àwa ọmọdé kò mọ̀. Ẹ ṣí ojú ìwé, ẹ tẹjú mọ́ ọn, ètè yín ń mì ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Mo rí àtàǹpàkò yín lórí ìlà kan tí kò kúrò níbẹ̀. Bàbá àgbà wà ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, a sì ń gbọ́ bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá pa ìwé dé, ẹ ní, “Àgbọ̀nyín ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀. Ẹ lọ sùn.” Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dìde sí Gáà ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi béèrè ohun tí ó bí ọba nínú tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní ó ti pẹ́ tí ó ti ń bínú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a jí láàárọ̀ tí ẹ kò sí nílé mọ́. Ẹ mọ ohun tí Bàbá àgbà ṣe, ẹ sì mọ ohun tí àwọn àlejò pálọ̀ wá ṣe. N kò ní tún un sọ níta. Mo wá yín dé ẹ̀yìnkùlé, mo wá yín dé ibi kànga. Mo bi ìyá mi, ó ní, “Àǹtí yín ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀.” Mo gbà á gbọ́ bí mo ti gba ti Àgbọ̀nyín gbọ́. Mo máa ń rò pé ibì kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì wà, ní abúlé kan tí igi pọ̀ sí, àti pé ẹ ó jọ padà wálé.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà kí n tó rí ìwé náà kà fúnra mi. Lórí ìdúró ni mo ka ibi tí ẹ fò. Inú mi kò dùn sí yín rárá, kì í sì í ṣe nítorí pé ẹ dáàbò bò wá, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọmọ yóò fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún un. Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹ kò padà wá sọ ọ́. Ẹ wálé fún ìsìnkú Bàbá àgbà, ẹ jókòó lórí àga rẹ̀, ẹ bá gbogbo ènìyàn ṣàwàdà. Mo gbé ìwé náà wá síwájú yín pẹ̀lú òwú dúdú tí ẹ fi rán an. Ẹ wò ó, ẹ ní, “O ṣì ń ka èyí?” Ẹ sì dá a padà sí mi lọ́wọ́ láìṣí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ro gbólóhùn yẹn síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni ẹ fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù, ìtàn àròsọ ńlá nípa ààfin Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé èmi tí mo fẹ́ràn ààfin, kí n wá wo tiwọn, ẹ sì fọwọ́ sí i. Mo kà á títí ojú fi ń ro mí. Bàbá mìíràn ni mo bá pàdé níbẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún 1536 ni wọ́n bẹ́ orí Anne Boleyn, ìyàwó ọba náà, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n bẹ́ ti George, arákùnrin rẹ̀. Arákùnrin ìyá wọn, Duke ti Norfolk, ni ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí ó dá wọn lẹ́bi. Thomas Boleyn, bàbá àwọn ọmọ náà, pa ẹnu mọ́. Wọ́n gba oyè pàtàkì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Thomas Cromwell, síbẹ̀ ó tún padà sí ààfin, ó ń sin ọba kan náà kí ó tó kú ní 1539. N kò mọ̀ bóyá ẹ ka ìwé yẹn kí ẹ tó fi í ránṣẹ́. Bí ẹ bá kà á, ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ fún mi.

Ní ti Abíọ́dún, ìparí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn nínú ìtàn rẹ̀, ibi tí Gáà ti jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Ibẹ̀ ni àwọn òǹwòran ti ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n sì ń sọ pé bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́. Ní tèmi, òwúrọ̀ ni gbogbo adùn àti ẹ̀rù ìtàn náà wà. Ọba tí ó ní adé yóò jí, yóò múra, yóò sì lọ kí Baṣọ̀run nílé rẹ̀, nítorí pé ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀ pàápàá, ilẹ̀ ń mọ́. Ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ó sọ fún ìyá Àgbọ̀nyín ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú ọmọ náà lọ. Kò sí òpìtàn tí ó lè dáhùn irú ìbéèrè yẹn, òǹkọ̀wé eré àti ìtàn àròsọ ni a máa ń gbé e tọ̀ lọ, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi ní yé kà wọ́n. A mọ bí ó ṣe parí. Ọba yọ́ jáde lóru, ó lọ sí Àkálà lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, ó sì gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀yábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní Ajaṣẹ. Iṣẹ́ lọ káàkiri láìjẹ́ kí Gáà gbọ́, pé ní ọjọ́ kan náà ni kí ìlú kọ̀ọ̀kan dìde sí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ní 1774 ni èyí ṣẹlẹ̀. Bí kò bá sí ọdún yẹn, a kì bá tí mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀bálẹ̀ Abíọ́dún àti ti ẹni tí ó ti gba kámú.

Èmi náà ń dọ̀bálẹ̀, Àǹtí mi. Ilé Bàbá àgbà ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ṣì ń gbé. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti di olórí ẹbí ni ó ti ń ta ilẹ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Ti ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti lọ, a kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, ó wá kan ilé. Ó ti rí ẹni tí yóò wó o, tí yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i, nítorí pé kò jìnnà sí Àkẹ̀sán. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń lọ kí i, tí ó ń béèrè àwọn ọmọ, tí mo sì ń dáhùn pé wọ́n wà, a dúpẹ́. Òun ni ó ń san owó ìtọ́jú ìyá mi ní ilé ìwòsàn, gbogbo oṣù ni ó sì ń san án, nítorí náà ẹ lè mọ bí ohùn mi ti ga tó níwájú rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ó fi ìwé ìfohùnṣọ̀kan àwọn ọmọ Bàbá àgbà hàn mí. Ìfọwọ́sí yín wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní láti sọ fún mi pé tiyín ni, nítorí bí ẹ ti fọwọ́ sí iwájú ìwé Ọba Henry náà ni ẹ ṣe fọwọ́ sí i, pẹ̀lú ìrù gígùn tí ó kọjá ìlà. Ó ní ó ku tèmi, nítorí pé bàbá mi kò sí mọ́, èmi sì ni àrẹ̀mọ rẹ̀. Mo ní kí ó fún mi láyè díẹ̀.

Kí ló dé? Ṣé ẹ ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i? Bóyá ẹ kò fẹ́ kí ilé yẹn wà lórí ilẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò yé mi, nítorí ohun tí wọ́n sọ ní pálọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn tó ohun tí ènìyàn lè fi kórìíra ilé títí ayé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ń sùn. Ó yẹ kí ẹ ti pè mí kí n tó rí orúkọ yín lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyàwó mi ń gba aṣọ ẹbí ayẹyẹ yín lọ́wọ́ aránṣọ lọ́sẹ̀ yìí, n kò sì tíì lè sọ fún un.

Ìpàdé ẹbí yóò wáyé ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé ayẹyẹ yín, wọn yóò sì gbé ìwé náà síwájú mi. Kí ó tó di ọjọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí. Bí ẹ bá fẹ́ kí n fọwọ́ sí i, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi, gbogbo ìdí rẹ̀, títí kan ti alẹ́ yẹn. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́ fúnra yín, nítorí yóò gbọ́ tiyín. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wúwo jù fún orí fóònù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́. N ó kà á dé ìparí.

Èmi ni,
Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín.