Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ fídíò yín

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ yín tó yin àwọn bíráúsà, ìyẹn ètò bíi Chrome àti Firefox tí a fi ń ṣí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì, pé wọ́n ti pa fídíò aláriwo lẹ́nu mọ́. Òótọ́ ni. Láti 2018 tí Chrome 66 ti jáde, fídíò tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ kì í sábà rí àyè pariwo mọ́. Bó bá máa dá bẹ̀rẹ̀, á yadi ná. Firefox ṣe irú rẹ̀ ní 2019. Ẹni tó létí dúpẹ́. Èmi ńkọ́? Etí òsì mi ti kú, ọ̀tún ń ṣe gbọ́-n-ò-gbọ́. Fídíò ti ń yadi lọ́dọ̀ mi kí Chrome tó dá sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan lójú ìwé yín, ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Ìyá àgbàlagbà kan ń sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ síwá, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó tún fi etí ìró nu ojú. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo wá bọ́tìnnì CC, èyí tí à ń tẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè hàn lábẹ́ fídíò, títí, kò sí.

Ẹ̀bi bíráúsà kọ́. Nígbà ayé Flash, àfikún tí à ń fi sínú bíráúsà kó lè gbé fídíò, tó dágbére ní òpin 2020, bíráúsà kàn ń yọ̀ǹda àyè ni, Flash ló ń ṣe iṣẹ́. HTML5, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì, tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà rẹ̀, fọwọ́ sí ní 2014, ló jẹ́ kí bíráúsà máa gbé fídíò fúnra rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ track, láàárín àmì video nínú èdè yẹn, ti tó fún ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Fáìlì WebVTT ló ń tọ́ka sí: ìgbà tí gbólóhùn bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, gbólóhùn náà. Ẹni tó ń tẹ ìròyìn yín lè tẹ̀ ẹ́. "yo" ni wọ́n fi ń dá Yorùbá mọ̀ nínú ìlà track yẹn.

Ẹ má sì sọ pé àmì ohùn ò ní jáde. UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, ni WebVTT gbọ́dọ̀ jẹ́, gbogbo àmì wa ló gbà. Ẹ má yọ wọ́n o! Ẹnu ni mò ń kà, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í sì í hàn létè. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, n kò mọ̀ bóyá ọkọ ni ìyá yẹn pàdánù, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì