Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín ká sọ̀rọ̀ lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá, nítorí ojú jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wò ó títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́.

Jẹ̀díjẹ̀dí a máa ṣẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, ó sì wọ́pọ̀ ju jẹjẹrẹ lọ. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè wo ẹ̀jẹ̀ lásán kó sọ ibi tó ti wá, àwọn mìíràn sì wà tí méjèèjì ń bá fínra lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí bó ṣe ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tó ń rù láìnídìí, dókítà ni kó lọ rí, ìbáà jẹ́ ẹni ọdún 30. Bákan náà ni àìtó ẹ̀jẹ̀ tí a kò mọ orísun rẹ̀, pàápàá lára ọkùnrin tàbí obìnrin tí kò ṣe nǹkan oṣù mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n wo inú ìfun.

Ẹni tí ohunkóhun kò ṣe gan-an ni àyẹ̀wò wà fún. Kókó kékeré ló máa ń kọ́kọ́ hù sí ara ìfun lápá inú, bí olú ṣe ń hù sára igi. Ọ̀pọ̀ wọn kì í di nǹkan kan. Èyí tó bá máa di jẹjẹrẹ sábà máa ń lò tó ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yí padà, kì í sì í dunni ní gbogbo àsìkò yẹn. Ọdún 50 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ tó ń dámọ̀ràn lórí ìdènà àrùn níbẹ̀ fà á wá sí 45, torí àrùn náà ti ń pọ̀ láàárín àwọn tí kò tíì pé 50. Bí òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá ẹni bá ti ní in, ọdún 40 ni kí á bẹ̀rẹ̀, tàbí kí á yọ 10 kúrò nínú ọjọ́ orí ẹni náà nígbà tí wọ́n rí i, èyí tó bá yá jù. Bí wọ́n bá rí i lára ìyá ní 44, kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ní 34. Colonoscopy, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi kámẹ́rà wo inú ìfun ńlá, ni irú wọn sábà máa ń ṣe, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ ṣe.

Ti ìgbẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní FIT, tí wọ́n fi ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí nínú ìgbẹ́, ló rọrùn jù, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe é. Ẹ tẹ́ bébà sórí omi kí ìgbẹ́ má baà kàn án. Ẹ fi igi tó wà lára ọmọrí ìgò kékeré tí wọ́n fún yín gún ìgbẹ́ káàkiri, kì í ṣe ojú kan. Kó kàn bo ẹnu igi náà ti tó; ẹni tó bù ú kún ìgò ti bà á jẹ́. Ẹ dé e, ẹ kọ déètì sí i, ẹ tètè dá a padà. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn: ooru a máa ba ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, èsì á wá jáde pé kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan wà. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù, kó dúró títí yóò fi parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù nìyí: èsì ní ẹ̀jẹ̀ wà, onítọ̀hún ní òun fẹ́ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kejì ní kò sí, ló bá lọ sùn. Kókó kì í ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́! Bí FIT bá ti rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, colonoscopy ló kàn. Ìyẹn kò ní kó jẹ́ jẹjẹrẹ o. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun.

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu ni wọ́n fi ń ṣe colonoscopy. Bí dókítà bá rí kókó, yóò fi wáyà tó dà bí òjóbó mú un lọ́rùn, yóò sì gé e lójú ẹsẹ̀. Àyẹ̀wò àti ìdènà nìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìfun bá mọ́ tónítóní tí kò sí kókó, tí àrùn náà kò sì sí nínú ẹbí, ó di ọdún 10 kí ẹ tó tún un ṣe.

Ìfun tí kò mọ́ ló ń fi kókó pamọ́. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, ẹ yẹra fún oúnjẹ oníhóró àti oníṣàká. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, ohun olómi tó mọ́ gaara nìkan ni kí ẹ mu, kó má pupa, torí ó lè jọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ mu ìlàjì oògùn tí wọ́n fi ń fọ ìfun ní alẹ́, kí ẹ mu ìyókù ní wákàtí 4 sí 6 ṣáájú àyẹ̀wò. Àwọn kan máa ń fo ti ẹ̀ẹ̀kejì torí oorun. Omi ara tó ń ṣàn wá láti inú ìfun kékeré lóru á ti tún bo apá ọ̀tún ìfun ńlá, ibẹ̀ sì ni kókó pẹlẹbẹ máa ń sápamọ́ sí. Ohun tó ń jáde gbọ́dọ̀ dà bí ìtọ̀. Bó bá ṣì ṣú, ẹ sọ fún wọn. Ẹ ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ oní-irin dúró láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, dókítà ni yóò sọ bó ṣe máa lò ó. Kó má dá a ṣe.

Ní ti ìgbé ayé, ẹ jáwọ́ nínú sìgá, ẹ dín ọtí kù, ẹ má jẹ́ kí ara sanra jù, ẹ máa rìn kánmọ́kánmọ́ tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ní 2015, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kéde pé giramu 50 ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà pa mọ́, béèyàn bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ń fi bí ìdá 18 nínú 100 kún ewu àrùn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kò lè hú kókó tó ti wà nínú ìfun tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu náà ṣì ní àyẹ̀wò láti ṣe.

Bí ẹ bá ti ṣe colonoscopy tán, ẹ gba ìwé èsì yín. Ẹ wò ó bóyá wọ́n dé ìpẹ̀kun ìfun ńlá, bóyá ìfun mọ́, iye kókó tí wọ́n gé, bó ṣe tóbi tó, ohun tí láàbù sọ nípa rẹ̀, àti ọdún tí ẹ ó padà wá.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera tí ń ka ìwé ìròyìn yín